Wọ́n Yọ Fáìlì Ikọ́ Ife Mi Wò Lẹ́yìn Mi

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe yín, tí ẹ jáde ní ọsibítù tí ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ fún, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ èyí fún. Orúkọ mi ni Àfúsátù. Ọmọ Ìlọrin ni mí, agbo ilé wa ò jìnnà sí Ọjà Ọba. Kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama kí àìsàn tó dé. Ikọ́ ife mú mi, mo sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ ìjà méjì ni mo jà. Ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo bá ikọ́ jà, ọ̀tọ̀ ni èyí tí mo bá àwọn tó fẹ́ fi ikọ́ tó ti lọ dínà oúnjẹ mi jà. Ẹni tó bá yege nínú àkọ́kọ́ lè má mọ̀ pé èkejì ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ méjèèjì.

Ìgbà ọyẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí kì í húkọ́ ní Ìlọrin nígbà ọyẹ́, eruku á bo ewé, á bo ètè, nítorí náà n ò ka tèmi sí. Mo ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Mo ra òògùn ikọ́ olómi ní kẹ́mísìtì, mo lá oyin, mo fi omi iyọ̀ fọ ọ̀nà ọ̀fun. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ ò lọ. Àkọ́rọ̀ òjò dé bá a lára mi. Tí mo bá jí láàárọ̀, aṣọ tí mo fi sùn á ti tutù bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde nínú omi. Oúnjẹ ò wù mí mọ́. Síkẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀ lọ síṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sílẹ̀ nídìí mi, mo wá ń fi pín-ìn-nì mú un. Bí mo ṣe ń ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ kan, ìyá mi tẹjú mọ́ mi.

"Àfúsátù, eegun ọrùn rẹ ti yọ."

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

Ọjọ́ tí mo rí ẹ̀jẹ̀, iwájú pátákó ni mo wà nínú kíláàsì. Ikọ́ gbé mi, mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, nígbà tí mo wò ó, ó ti pọ́n. Mo ká a mọ́ ọwọ́, mo parí ìlà tí mo ń kọ, mo ní kí àwọn ọmọ máa kà á. Mo jókòó. N ò dìde mọ́ títí wọ́n fi lu aago.

Mo sọ fún ìyá mi nígbà tí mo délé, láti ọjọ́ yẹn sì ni ilé ti kún. Bàbá mi ti di olóògbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ààfáà, ló dúró bíi bàbá fún wa. Ilé kéú ló ń bójú tó láti ìgbà tí mo ti gbọ́n. Ó kọ àdúà sára wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó bu hántú rẹ̀ sínú ìgò, ó ní kí n máa mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀rẹ́ ìyá mi kan gbé àgbo wá, ó ní àwọn kan ló fún mi ní nǹkan jẹ lójú oorun. Ẹlòmíì ní kí wọ́n gbé mi kúrò nílùú. Kò sí ẹni tó bi mí ní nǹkan. Wọ́n ń jíròrò ọ̀rọ̀ mi lójú mi bí ẹni pé n ò sí níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, Mọriámọ̀, ló wọlé tọ̀ mí wá nígbà tí wọ́n lọ tán.

"Àǹtí mi, ẹ mu hántú Bàbá, àdúà ni. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń lọ sí ọsibítù."

Kí oòrùn tó yọ la ti débẹ̀, síbẹ̀ àwọn èèyàn ti tò dé ẹnu géètì. Ojú fèrèsé kan la ti ń gba káàdì, òmíràn la ti ń sanwó, òmíràn tún ni ti àyẹ̀wò. Mo ń húkọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó dìde, kò wo ojú mi. Bí àwọn kan ṣe wà lórí ìdúró tó, kò sí ẹni tó jókòó sí ààyè tó fi sílẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó sórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Wọ́n ní kí n tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sínú ike kékeré kan. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. A padà lọ gba èsì.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí wa ní yàrá ikọ́ ife, ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, Nọ́ọ̀sì Adéọlá lorúkọ rẹ̀. Obìnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì le díẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Ikọ́ ife ni. Ó ní òògùn, ìjọba sì ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá lò ó pé, ó ń sàn. Ẹni tó bá dá a dúró torí pé ara ti ń yá, àìsàn náà á padà wá, á sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ."

Mo bi í pé, "Ṣé n ò ní kú?"

"Oṣù mẹ́fà ni ẹ máa fi lo òògùn. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lónìí."

Kò dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, èyí sì tù mí nínú ju kó ṣe ìlérí lọ. Iṣẹ́ ló fún mi ṣe.

Òògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹyin àti ẹ̀wà tí wọ́n ní kí n máa jẹ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó oṣù sì dúró. Wọ́n pe gbogbo ará ilé wa wá ṣe àyẹ̀wò. Wọn ò rí nǹkan kan lára ìyá mi, wọn ò rí nǹkan kan lára Mọriámọ̀. Òògùn náà ń yí mi nínú. Ó sọ ìtọ̀ mi di pupa, Nọ́ọ̀sì Adéọlá sì ti kìlọ̀ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi rí i, ó sáré lọ sọ fún Bàbá Ààfáà, Bàbá sì wá.

"Òògùn òyìnbó yìí ti ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ dànù," ó ní. "Fi í sílẹ̀ ná, kí a gbájú mọ́ àdúà."

Mo kúnlẹ̀. Láyé mi, n ò tíì bá Bàbá Ààfáà jiyàn rí.

"Bàbá, àdúà yín ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ kó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n òògùn yìí, n ò ní fi sílẹ̀. Tí ẹ bá bínú, ẹ foríjì mí. Màá lò ó."

Ó dìde, ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ṣé o ti lò ó?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń bi mí ní àràárọ̀ títí òògùn fi parí. Ìgbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìkẹyìn, Nọ́ọ̀sì Adéọlá wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Ó tán. Ẹ máa lọ sílé." Mo sunkún dé Ọ̀fà Garage. Onímọ́tò rò pé ẹnìkan ló kú, ó ń kí mi kú ara-fẹ́ra-kù, n ò lókun àtisọ fún un pé ayọ̀ ni.

Ìjà kejì ló kù. Kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ.

Ilé-ìwé aládàáni kan wà ní àdúgbò Táńkẹ̀ tí wọ́n ń wá olùkọ́ kẹ́mísìrì. Mo kọ̀wé, wọ́n pè mí fún intafíù. Wọ́n ní kí n kọ́ kíláàsì kan kí àwọn wò mí, mo kọ́ ọ, àwọn ọmọ ò fẹ́ kí n jáde. Alhaja tó ni ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n múra sílẹ̀ de táàmù tuntun. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo kọ orúkọ ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ rí àti ti olùkọ́ mi kan ní yunifásítì, mo buwọ́ lù ú pé wọ́n lè béèrè ìwà mi àti iṣẹ́ mi lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Kò sí ọ̀rọ̀ ìlera nínú fọ́ọ̀mù náà. Mo kà á dáadáa.

Táàmù wọlé, wọn ò pè mí. Nígbà tí èmi pè wọ́n, akọ̀wé ní ààyè náà ti kún. Mo gbà pé bóyá ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló dé.

Lẹ́yìn náà ni Mọriámọ̀ ti ilé àwọn òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dé, tójú rẹ̀ wú. Sùlé lorúkọ ọmọkùnrin náà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú ọjọ́ nikai, ìgbéyàwó wọn.

"Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife kí wọ́n tó lè mú ọjọ́," ó ní.

"Ta ló sọ̀rọ̀ ikọ́ ife fún wọn?"

"Àbúrò bàbá Sùlé, obìnrin tó jẹ́ tíṣà yẹn. Ilé-ìwé tí ẹ lọ ṣe intafíù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní wọ́n sọ ọ́ láàárín àwọn tíṣà pé ilé-ìwé gbọ́ pé àìsàn ló mú yín fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ẹnìkan lọ wádìí yín ní ọsibítù, pé ìdí tí wọn ò fi gbà yín nìyẹn."

Kì í ṣe pé wọn ò gbà mí síṣẹ́ ló ká mi lára jù. Èmi tí mo ti sàn ni wọ́n tún gbé padà sórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n sì mú àbúrò mi jókòó tì mí.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọ Nọ́ọ̀sì Adéọlá lọ. Ó pe akọ̀wé tó ń tọ́jú fáìlì, àgbàlagbà kan.

"Ta lẹ fún ní fáìlì arábìnrin yìí?"

"Ẹ̀gbọ́n wọn ló wá," ọkùnrin náà dáhùn. "Ó ní àwọn fẹ́ gbé ìtọ́jú wọn lọ sí ọsibítù mìíràn. Ó kàn fi fóònù yà á ni, kò gbé e lọ."

"Èmi ni àkọ́bí ìyá mi," mo ní. "N ò ní ẹ̀gbọ́n."

Nọ́ọ̀sì Adéọlá fi ọwọ́ lé orí, ó jókòó. Ó ní, "Ẹ má dákẹ́ o. Bí ẹ bá dákẹ́, àwọn tó ṣì ń lo òògùn ò ní wá síbí mọ́."

Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ni ilé fẹ́. Ìyá mi ní kí n fi í fún Ọlọ́un. Bàbá Ààfáà ránṣẹ́ pè mí.

"Ọmọ mi, àṣírí là ń bò," ó ní. "Bí o bá gbé e dé kóòtù, gbogbo Ìlọrin á gbọ́."

"Bàbá, kì í ṣe èmi ni mo tú àṣírí. Àwọn ló tú u. Bí mo bá dákẹ́, ìtìjú ohun tí wọ́n ṣe, èmi ni màá máa rù ú kiri. Ọ̀rọ̀ sì ti kan Mọriámọ̀."

Ó ń ka tẹ̀sùbáà lọ. Nígbà tó parí, ó gbé ojú sókè.

"Ta ló máa bá ọ lọ?"

Lọ́yà obìnrin kan wà ní Táíwò Road, lókè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, Lọ́yà Fúnkẹ́. Ó gbọ́ mi parí kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òfin wà nílẹ̀ yìí tó dáàbò bo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbanisíṣẹ́ lè wádìí ibi tí mo ti kàwé, ó lè wádìí ọ̀dọ̀ àwọn tí mo kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìlera mi, kò lè lọ wá a láì jẹ́ pé mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú òye ohun tí mò ń fọwọ́ sí. Pé wọ́n wá sọ ọ́ láàárín òṣìṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn. Ó kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì pè wá.

Àwa mẹ́ta la lọ, èmi, Lọ́yà Fúnkẹ́ àti Bàbá Ààfáà nínú láwàní rẹ̀ tó mọ́ tónítóní. Alhaja kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó ní ká jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Bàbá ò mu omi náà.

"Àfúsátù, ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ mi," Alhaja bẹ̀rẹ̀. "Bí òbí kan bá gbọ́ pé mo gba ẹni tó ní ikọ́ ife, wọ́n á kó ọmọ wọn lọ. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì ń wádìí èèyàn kí wọ́n tó gbà á."

"Alhaja, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yé mi, tíṣà ni mí. Ká ní ẹ bi mí lójúkojú pé ṣé nǹkan kan wà lára mi tó lè ran àwọn ọmọ, ǹ bá dá yín lóhùn. Ká ní ẹ sọ pé ká jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, ǹ bá tẹ̀ lé yín. Ẹ ò bi mí. Ẹ rán ẹnìkan lọ pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá kó ohun tó rí síwájú àwọn tíṣà yín. Inú fáìlì yẹn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo ti sàn. Kí ló dé tí wọn ò sọ ìyẹn?"

Ó yíjú sí Lọ́yà Fúnkẹ́, ó tún yíjú sí mi.

"Ó dáa. Máa bọ̀ níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ká gbàgbé ohun tó ti kọjá."

Ẹ má rò pé kò wù mí. Mo nílò iṣẹ́ náà bí ẹni tóùngbẹ ń gbẹ ṣe nílò omi. Mo rí i pé ìyá mi á yọ̀. Síbẹ̀, mo mọ̀ pé tí mo bá gbà á báyìí, bí ẹni tí wọ́n ṣàánú ni màá ṣe máa wọ yàrá àwọn tíṣà lójoojúmọ́, ẹnu á sì máa tẹ̀ lé mi lẹ́yìn.

"Iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ mi, Alhaja, mo ṣì ń wá a," mo ní. "Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo bá wá. Ẹ pa fọ́tò fáìlì mi rẹ́ níṣojú lọ́yà. Àwọn tí ẹ sọ ọ́ létí wọn, ẹ pè wọ́n jọ, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ ṣe ohun tí kò tọ́, kì í ṣe èmi."

"Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi? Kò ṣeé ṣe."

Bàbá Ààfáà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò gbé ohùn sókè.

"Alhaja, ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéú láti ìgbà èwe mi ni pé ká má ṣe máa tọ pinpin ara wa. Ọmọdé ń gbọ́ ọ, ó ń yé e. Ẹ jẹ́ kó yé àwa àgbà."

A dìde, a lọ. Lọ́yà Fúnkẹ́ gbé ẹ̀sùn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àárín ìgbà yẹn le. Obìnrin kan ní àdúgbò wa gbé korobá rẹ̀ jìnnà sí tèmi nídìí omi ẹ̀rọ, mo sì gbé tèmi tẹ̀ lé e, mo kí i, mo dúró tì í títí tèmi fi kún. Nígbà tí ìwé ìjọba dé ọwọ́ Alhaja, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ. Mo wà níbẹ̀. Kò wo ojú mi, kíákíá ló sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń gbé òògùn kíkorò mì, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ parí: pé wọ́n wá ọ̀rọ̀ ìlera mi láì gba àṣẹ mi, pé kò tọ́, pé ara mi dá. Wọ́n pa fọ́tò náà rẹ́ níwájú wa. Ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí i títí dòní. Àwọn ará ọsibítù bẹ̀ mí, wọ́n gbé akọ̀wé náà kúrò nídìí fáìlì, àgádágodo sì ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá náà báyìí.

Ní ti Mọriámọ̀, ó ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀ pé èsì àyẹ̀wò òun ti wà lọ́wọ́ òun láti ìgbà tí òun ti ń tọ́jú mi, òun ò sì ní fi rán ẹnikẹ́ni. Bí Sùlé bá fẹ́ mọ̀, kó wá bi òun fúnra rẹ̀. Sùlé wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó jókòó lójúde wa, ó bi í, Mọriámọ̀ sì fi èsì náà hàn án. Sùlé wá bá mi nínú ilé, ó ní kí n forí ji àwọn. Wọ́n ti ṣe nikai. Àbúrò bàbá Sùlé ò wá, a ò sì wá a.

Ilé-ìwé kan ní Malete, ìlú tí kò jìnnà sí Ìlọrin, ni mo ti ń kọ́ni báyìí. Ọ̀gá àgbà tó ṣe intafíù fún mi bi mí pé kí ni mo ń ṣe láàárín ìgbà tí n ò fi ṣiṣẹ́.

"Ara mi ò yá nígbà náà," mo ní, "ó sì ti yá. Kò sí ohun kan lára mi tó lè ran ẹnikẹ́ni. Orúkọ àìsàn náà, tèmi ni, ẹ jọ̀ọ́."

Ó mi orí, ó bi mí bí mo ṣe máa kọ́ àwọn ọmọ nípa ásíìdì nígbà tí kò sí yàrá ìdánwò kẹ́mísìrì. Ìdáhùn tí mo fún un sí èyí ló fi gbà mí.

Àràárọ̀ ni mò ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ẹran ara mi ti padà, mo ti ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun torí àwọn ti tẹ́lẹ̀ ò gbà mí mọ́. Bí ọyẹ́ bá dé tí mo bá húkọ́, àyà mi ṣì máa ń já. Mo máa ń lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí nǹkan kan.

Ẹ lo òògùn yín parí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìfẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ ka ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú yín kí ẹ tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì béèrè ohun tí kò bá yé yín. Àwọn kan ti bi mí pé, èmi tí mo jà tó bẹ́ẹ̀ torí àṣírí, kí ló dé tí mo tún jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ara mi? Ìgbà àkọ́kọ́, ẹnìkan jí i, ó lọ ń sọ ọ́ kiri. Lónìí, kò sí ẹni tó rán mi. Èmi ni mo ni ín, èmi ni mo sọ ọ́.